Mẹ́tàdínláàádọ́ta Tí Àbújá Fà Lé Yaoundé Lọ́wọ́

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ DSS ya wọ òtẹ́ẹ̀lì Nera ní Àbújá, wọ́n sì kó àwọn ọkùnrin kan tó ń ṣèpàdé níbẹ̀ lọ. Ìròyìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ta sí àwa ará ìlú létí. Ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ni, epo bẹntiróòlù ti di ohun àwárí, àwọn ẹlòmíì ń sun ilé epo mọ́jú. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí ni ọ̀rọ̀ Benue tún gbalẹ̀: àwọn tí wọ́n pa ní Guma àti Logo ní ọjọ́ ọdún tuntun, èèyàn 73 tí wọ́n sin lẹ́ẹ̀kan náà ní Makurdi ní ọjọ́ 11. Ta ló ráyè béèrè àwọn ará Kamẹrúùnù tí wọ́n gbé ní òtẹ́ẹ̀lì?

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan ní Garki. Ọ́fíìsì wa kò sí nínú ẹjọ́ náà rárá, àmọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ náà máa ń dé etí èèyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e nítorí pé ó ṣe mí ní kàyéfì: kí ni àwọn olùkọ́ fáṣítì ń wá nínú ọ̀rọ̀ ogun?

Olùkọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lóòótọ́. Aṣáájú wọn, Sisiku Julius Ayuk Tabe, tí àwọn èèyàn rẹ̀ fi ṣe ààrẹ ìjọba fìdíhẹ Ambazonia (orúkọ tí àwọn tó fẹ́ ya apá Gẹ̀ẹ́sì Kamẹrúùnù sọ́tọ̀ ń pe ilẹ̀ náà), jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní American University of Nigeria ní Yola. Fáṣítì yẹn kan náà ni Ọ̀mọ̀wé Fidelis Ndeh-Che ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Augustine Awasum àti Ọ̀mọ̀wé Henry Kimeng ń kọ́ni ní Ahmadu Bello ní Zaria. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogork wà ní Bayero ní Kano, Ọ̀mọ̀wé Cornelius Kwanga wà ní Katsina. Lọ́yà ni méjì nínú wọn, Blaise Berinyuy àti Elias Eyambe. Wilfred Tassang jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ nílé kó tó sá wá. Nfor Ngala Nfor ni àgbà láàárín wọn, ó ti wà nínú ìjà náà láti ayé ẹgbẹ́ SCNC tó ń béèrè òmìnira apá Gẹ̀ẹ́sì náà, nígbà tó jẹ́ pé ìwé kíkọ àti ẹjọ́ pípè ni ohun ìjà wọn. Mẹ́wàá ni gbogbo wọn, wọ́n sì ti ń gbé láàárín wa fún ọdún gbọọrọ. Ọmọ Yorùbá tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní Zaria láyé ìgbà yẹn lè ti jókòó sí kíláàsì Awasum láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlú kan wà lọ́kàn bàbá náà.

Ọ̀rọ̀ ìlú ọ̀hún ti pẹ́. Jámánì ló kọ́kọ́ gba Kamẹrúùnù, ní 1884. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lé Jámánì jáde, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn ní 1916. Faransé mú apá tó pọ̀ jù. Gẹ̀ẹ́sì mú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀gbẹ́ ti Nàìjíríà láti òkun títí dé ẹ̀bá Adágún Chad, ó pín in sí méjì, Gúúsù àti Àríwá, ó sì ń ṣàkóso méjèèjì pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Àwọn bàbá wa tó ṣe òṣèlú NCNC mọ èyí dáadáa. Nígbà tí Herbert Macaulay di ààrẹ ẹgbẹ́ yẹn ní 1944, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn ará Buea àti Bamenda ní apá Gúúsù yẹn ń rán aṣojú wá sí ilé ìgbìmọ̀ ní Enugu bí àwọn ará Owerri ṣe ń ṣe.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1961, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí àwọn èèyàn yìí dìbò kí wọ́n yan ibi tí wọ́n ń lọ. Ohun méjì péré ló wà lórí ìwé ìbò: ẹ dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà, tàbí ẹ dara pọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù tí Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá dúró kò rí ibi tí á tẹ ìka sí. Ibẹ̀ gan-an ni egbò náà wà, òun sì ni wọ́n ń tọ́ka sí títí di òní olónìí. Ní Àríwá, èèyàn 146,296 yan Nàìjíríà, 97,659 kọ̀ ọ́. Báyìí ni Mubi, Michika, Gwoza àti òkè Mambilla ṣe di tiwa ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún yẹn. Ní Gúúsù, 233,571 yan Kamẹrúùnù, 97,741 yan Nàìjíríà. Àwọn tó mọ̀tàn sọ pé ìbẹ̀rù kí ará Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà má gbé wọn mì ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ sá gba ọ̀nà kejì. Ẹ̀rù yẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà.

Ìjọba àpapọ̀ alápá méjì ni wọ́n ṣèlérí fún wọn ní ìpàdé Foumban ní 1961. Ní 1972 Ààrẹ Ahidjo ní kí ará ìlú dìbò lórí rẹ̀, ó pa apá méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan. Ní 1984 Paul Biya, tó ti gorí àléfà láti 1982, yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà sí èyí tí apá Faransé ń jẹ́ kí apá Gẹ̀ẹ́sì tó wá bá wọn. Díẹ̀díẹ̀, adájọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́ ní Bamenda, olùkọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ ọmọ ní Kumba. Ní oṣù kẹwàá 2016 àwọn lọ́yà daṣẹ́ sílẹ̀, oṣù tó tẹ̀ lé e àwọn olùkọ́ tẹ̀ lé wọn. Ìjọba fi ẹgba àti tajútajú dá wọn lóhùn. Ní oṣù kìíní 2017 wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ tó ń ṣojú wọn, wọ́n kó àwọn aṣáájú rẹ̀ sátìmọ́lé, wọ́n sì pa íntánẹ́ẹ̀tì apá Gẹ̀ẹ́sì fún ọjọ́ 93. Àwọn tó ń béèrè adájọ́ tó gbọ́ èdè wọn lóṣù kẹwàá ọdún kan ti ń béèrè orílẹ̀-èdè lóṣù kẹwàá ọdún kejì: ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2017 ni wọ́n kéde Ambazonia. Kí ọdún yẹn tó parí, ìbọn ti ń dún, Biya sì ti kéde pé ogun ni.

Mo lọ jìnnà sẹ́yìn báyìí nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ìbò 1961 kò ní mọ ìdí tí àwọn ọkùnrin yẹn fi wà ní Àbújá. Wọn kò kọ́kọ́ wá sá pamọ́ síbí. Ní 2002, àwọn kan láti Gúúsù Kamẹrúùnù pe ìjọba Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá níbí. Wọn kò tilẹ̀ ja ẹjọ́ náà dópin. Ìjọba tiwa gbà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìfohùnṣọ̀kan ní oṣù kẹta ọdún yẹn pé Nàìjíríà yóò gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague, kí àgbáyé lè sọ bóyá wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti dá ṣe tiwọn. Lọ́dún náà gan-an ni Hague dá Bakassi fún Kamẹrúùnù, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá. Ẹ lè máa rò ó pé àdéhùn yẹn jẹ́ ohun tí Nàìjíríà fẹ́ fi ṣe ìdúnàádúrà lórí Bakassi. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Bí Bakassi ṣe lọ, ìwé ìfohùnṣọ̀kan náà sùn sínú fáìlì, kò jí mọ́.

Nígbà tó fi máa di 2018, ohun tí Àbújá ń wá lọ́wọ́ Yaoundé, olú ìlú Kamẹrúùnù, ti yí padà. Boko Haram ni. Àwọn ọmọ ogun méjèèjì jọ ń ṣọ́ ẹ̀bá Adágún Chad, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Borno sì wà ní àgọ́ Minawao ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Nílé, kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ìjọba Buhari sọ ẹgbẹ́ IPOB di ẹgbẹ́ apániláyà. Ìjọba tó ń bá Biafra fà á nínú ilé kò ní fẹ́ kí wọ́n rí òun pé ó gba Ambazonia lálejò. Mo lóye ìṣirò náà. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni kò yé mi.

Mo bi ẹ̀gbọ́n wa kan, lọ́yà àgbà, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ ní Àbújá débi pé Hausa rẹ̀ ti ń dan ju Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ. Ìyá alámàlà tó wà lẹ́yìn ọjà ní Garki la jókòó sí, gbẹ̀gìrì wà níwájú wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kólà funfun wọn sínú àpò.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Nàìjíríà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé àlejò tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ wa jagun ni?"

"Ó lẹ́tọ̀ọ́, àbúrò. Ta ló ní kò lẹ́tọ̀ọ́? Àmọ́ ìlú kan kì í dédé na ọwọ́ kí ìlú kejì fa èèyàn lé e." Wọ́n fi òkèlè tọ́ka sí mi. "Kamẹrúùnù á kọ̀wé. Ìwé á dé ọwọ́ Mínísítà fún ètò ìdájọ́. Mínísítà á gbé e lọ sí kóòtù. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fà kalẹ̀ á ní lọ́yà, á sọ tẹnu rẹ̀. Òfin yẹn ti wà láti 1966, kì í ṣe tuntun. Ó sì wà nínú ẹ̀ pé tó bá jẹ́ ẹ̀sùn òṣèlú ni, ẹ ò gbọdọ̀ fà á kalẹ̀."

"Tí wọ́n bá wá ní apániláyà ni?"

"Kí wọ́n lọ sọ ìyẹn fún adájọ́! Ìdí tí kóòtù fi wà nìyẹn. Ìwọ jẹun jàre, àmàlà rẹ ti ń tutù."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n kà sílẹ̀ yẹn, kò sí ọ̀kan tí wọ́n ṣe. Láti ọjọ́ 5 títí di ọjọ́ 26 oṣù kìíní, wọ́n tì wọ́n mọ́lé láìgbé wọn dé kóòtù kankan, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin wa, abala 35, ní kí ẹni tí wọ́n bá mú fojú ba kóòtù láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọn lọ́yà wọn, Femi Falana àti Abdul Oroh, ń wá ọ̀nà láti rí wọn. Àjọ UNHCR tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ogúnléndé náà ń béèrè wọn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọjọ́ 26, wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí Yaoundé. Iye tí wọ́n kó lọ ti di 47, nítorí pé àwọn ará Kamẹrúùnù mìíràn tí wọ́n mú ní Nàìjíríà ti kún wọn. Ọjọ́ kẹta ni mínísítà ìròyìn Kamẹrúùnù, Issa Tchiroma Bakary, bọ́ síta, tó ní apániláyà 47 ti wà lọ́wọ́ àwọn. Kí ẹ má gbàgbé orúkọ ọkùnrin náà.

UNHCR sọ ọ́ ní gbangba pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn 47 yẹn ló ti kọ̀wé béèrè ààbò lọ́wọ́ Nàìjíríà, pé kíkó tí wọ́n kó wọn padà lòdì sí àdéhùn tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, pé a kì í dá ẹni tó sá wá bá wa padà sọ́wọ́ ẹni tó ń lé e. Àdéhùn ọ̀hún kò jìnnà. Ní oṣù kẹta 2017, Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti UNHCR jókòó ní Yaoundé, wọ́n fọwọ́ sí i pé ogúnléndé Nàìjíríà tó wà ní Kamẹrúùnù kò gbọdọ̀ padà sílé àfi tó bá wù ú. Kamẹrúùnù pàápàá kò pa á mọ́. Ìwádìí Human Rights Watch ní ọdún yẹn fi hàn pé láti 2015, ó ti lé ọ̀kẹ́ márùn-ún ọmọ Nàìjíríà padà sínú ewu Boko Haram. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìjọba tó mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó jókòó jẹ́ẹ́.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2019, Adájọ́ Anwuli Chikere ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́. Ó ní mímú tí wọ́n mú wọn kò bófin mu, lílé tí wọ́n lé wọn tako ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ó ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún wọn, kí wọ́n sì dá wọn padà wá sí Nàìjíríà. Ìdájọ́ tó dára ni. Ọdún kan àti oṣù kan lẹ́yìn tí bàálù ti gbéra ló dé.

Níbi tí wọ́n wà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Wọ́n ti tì wọ́n mọ́lé fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ológun tí wọ́n ń pè ní ajẹ́ndámù ní Yaoundé kí ẹnikẹ́ni tó fojú kàn wọ́n ní kóòtù, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n Kondengui. Kóòtù àwọn ológun ló gbọ́ ẹjọ́ àwọn olùkọ́ àti lọ́yà wọ̀nyí. Wọ́n jókòó láti ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ 2019 wọ òru, kí ilẹ̀ ọjọ́ 20 tó mọ́ tán wọ́n ti dá ẹ̀wọ̀n gbére fún àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pẹ̀lú owó ìtanràn bílíọ̀nù 250 owó CFA. Àwọn lọ́yà wọn ti bínú jáde kúrò nínú kóòtù kí ìdájọ́ tó wáyé. Ní oṣù kẹsàn-án 2020 kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Ní 2022, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ìtìmọ́lé tí kò bófin mu ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Yaoundé kò ṣe bí ẹni tó gbọ́.

Èrò tèmi ni èmi fẹ́ sọ báyìí. Àwọn tí Àbújá fà kalẹ̀ yẹn ni àwọn tó ṣeé bá jókòó. Èmi kò sọ pé wọn ò mọ nǹkan kan nípa ìbọn. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ìjọba nígbà ogun, ọwọ́ rẹ̀ kò lè mọ́ tónítóní. Àmọ́ ìwé, ẹjọ́, lílọ bá ilé iṣẹ́ aṣojú òkèèrè ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe kúrò ńlẹ̀, Samuel Ikome Sako tó wà ní Amẹ́ríkà bọ́ sí ipò fìdíhẹ, ohùn ibẹ̀ sì le sí i. Ayaba Cho Lucas ní Norway ti ní ẹgbẹ́ ológun tirẹ̀, ADF. Nígbà tó di 2019, Ayuk Tabe láti inú ẹ̀wọ̀n àti Sako láti òkè òkun ti ń lé ara wọn kúrò lórí oyè. Nínú igbó, olúkúlùkù ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ti ní ìbọn àti àwọn mẹ́wàá lẹ́yìn ti di ọ̀gágun. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jí èèyàn gbé gbowó, àwọn èèyàn tí wọ́n ní àwọn ń jà fún gan-an.

Ìyá kan wà nínú ọgbà tí mò ń gbé ní Mararaba, télọ̀ ni, Kumba ló ti wá. Ẹsẹ̀ ló fi rin láti ẹ̀yìn Mamfe títí ó fi bọ́ sí Ikom ní 2018, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àwọn ìyá Yorùbá tó wà nínú ọgbà ló kọ́kọ́ gbé aṣọ ẹbí fún un rán, látìgbà náà iṣẹ́ rẹ̀ kò dín. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọjọ́ yòókù, kí n tó jáde lọ́wọ́ mẹ́fà àárọ̀, màṣíìnì rẹ̀ ti ń lọ. Ní Mọ́ńdè, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yóò wà ní títì dọ̀sán. Mo bi í. Ó ní ara òun ò tíì gbà á. Nílé, Mọ́ńdè ni ọjọ́ tí àwọn ọmọ inú igbó ní kí gbogbo ìlú sé ara wọn mọ́lé láti fi ta ko ìjọba. Ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sun ún. Wọ́n sun ti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, nítorí pé oògùn ìbà ni ó fẹ́ tà fún aládùúgbò. Tí ẹ bá sì jókòó sílé ní Mọ́ńdè, ṣọ́jà á wá láti bi yín pé àwọn wo lẹ̀ ń tẹ̀ lé. "Bọ̀dá, ibi méjèèjì ni iná wà," ni ó wí fún mi pẹ̀lú Yorùbá tó kọ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà tí wọ́n dé. Kò tíì wọ kíláàsì láti oṣù kọkànlá 2016 tí àwọn olùkọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé àwọn ajìjàgbara fòfin de ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìgbà tí àwọn olùkọ́ tán tiwọn. Ìbànújẹ́ gbogbo ìjà yìí, àbí kí n pè é ní ìtìjú rẹ̀, ni pé nítorí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ pa. Ní Mararaba, wọ́n fi ọmọkùnrin náà sí kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò gba abẹ́ tábìlì, ó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó wá bẹ̀ wọ́n wò.

Ìyà tó jẹ àwọn tó dúró sílé pọ̀ ju èyí lọ. Ní Ngarbuh, ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2020, ṣọ́jà àti àwọn agbèjà wọn pa ará abúlé 21, ọmọdé ni 13 nínú wọn. Ìjọba kọ́kọ́ ní irọ́ ni, oṣù méjì lẹ́yìn náà ló gbà pé àwọn ọmọ ogun òun lọ́wọ́ sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, àwọn agbébọn wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kumba lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Ó ti lé ní ẹgbàáta èèyàn tí ogun yìí ti pa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló ti fi ilé sílẹ̀, ọ̀kẹ́ mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wá sí Nàìjíríà: wọ́n wà ní Adagom ní Ogoja, wọ́n wà ní Benue, wọ́n wà ní Taraba. Ìbọn náà tẹ̀ lé wọn wá. Ní oṣù kọkànlá 2021, àwọn agbébọn láti òdìkejì bodè wọ abúlé Manga ní Takum, ní Taraba, wọ́n pa baálẹ̀ àti àwọn mìíràn. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́rin nìyẹn lẹ́yìn tí Àbújá ti fa àwọn olùkọ́ kalẹ̀ kí bodè lè tòrò.

Àbí ẹ fẹ́ mọ ibi tí Yaoundé lọ nígbà tó ń wá ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀? Ní ọjọ́ 2 oṣù keje 2020, aṣojú ìjọba jókòó pẹ̀lú Ayuk Tabe àti àwọn mìíràn nínú wọn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbére, láti sọ bí ìbọn ṣe lè dákẹ́. Kò yọrí sí nǹkan kan. Ní oṣù kìíní 2023 Kánádà kéde pé àwọn ti rí ìjọba àti àwọn ajìjàgbara kó jọ. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Yaoundé ní òun ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Àbújá ní ìdí tiwa láti fetí sí ẹjọ́ yìí, yálà a fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Yoruba Nation tàbí a kò fẹ́ràn rẹ̀. (Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tí a jọ jẹ àmàlà fẹ́ràn rẹ̀, a kì í sì í ṣe ọ̀tá.) Ní oṣù keje 2021, wọ́n mú Sunday Igboho ní pápákọ̀ òfurufú Cotonou. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni gbogbo ayé ń retí pé Benin á dì í sọ́kọ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ wá. Benin gbé e lọ sí kóòtù. Wọ́n tì í mọ́lé pẹ́, mi ò ní ká pàtẹ́wọ́ fún wọn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n wọn kò fà á kalẹ̀. Oṣù tó ṣáájú, Nnamdi Kanu ti bá ara rẹ̀ ní Àbújá láti Kenya, láìsí kóòtù kankan ní Kenya tó sọ pé kí wọ́n gbé e. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Àbújá tìtorí bí wọ́n ṣe gbé e wá yẹn fagi lé ẹjọ́ rẹ̀ ní 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ní kí ẹjọ́ máa bá a lọ ní 2023. Nígbà tí mo bi ẹ̀gbọ́n bóyá wọ́n ṣe ti Kanu nítorí pé ti Nera ti lọ láìsí ìjìyà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àbúrò, tí ọwọ́ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan, ṣé ó máa ń gbàgbé ni?"

Ní ti Issa Tchiroma tí mo ní kí ẹ má gbàgbé: ó fi ìjọba Biya sílẹ̀ ní 2025, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ díje fún ipò ààrẹ nínú ìbò oṣù kẹwàá. Ó ní òun ló wọlé. Wọ́n kéde Biya, ìlú dàrú, ìjọba sì ní òun máa pè é lẹ́jọ́ pé ó ń dá rúkèrúdò sílẹ̀. Ọkùnrin náà sá. Ìròyìn ní Yola ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Ní oṣù kọkànlá, ìjọba Gambia sọ pé ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn, pé nítorí àánú àti ààbò ẹ̀mí rẹ̀ ni, àti pé Nàìjíríà wà lára àwọn tí àwọn jọ ń wá ojútùú sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, Nàìjíríà kò fa ẹnikẹ́ni lé Yaoundé lọ́wọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe fún àwọn 47 náà nìyẹn, ìdájọ́ Chikere tó ní kí wọ́n dá wọn padà sì wà ní rẹ́gísírì kóòtù ní Àbújá, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ gba ẹ̀dà rẹ̀.